Wọ́díróòbù tí wọ́n pè ní gbàǹgbà, tó délé tó di ràgàjì

Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró kí n tó kọ èyí. Ẹni tó ra nǹkan lónìí tó ń ròyìn rẹ̀ lọ́la, owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lápò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe nǹkan náà. Ní báyìí mo ti mọ gbogbo igun rẹ̀. Èjìká mi ọ̀tún gan-an mọ̀ ọ́n.

Wọ́díróòbù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni. Mo gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún káfíńtà kan níbí ní Ìbàdàn, ní ìhà Òjòó, mo sì san ₦370,000, owó alábàárù ò sí níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọlúàbí ni ọmọkùnrin náà, ó kàn jẹ́ pé ó fẹ́ràn bọ́ọ̀dù ju yàrá lọ.

Télọ̀ ni mí, inú yàrá kan nílé wa ni mo sì ti ń ránṣọ. Kí wọ́díróòbù yìí tó dé, orí bẹ́ẹ̀dì laṣọ wà, orí àga laṣọ wà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà aṣọ ni. Léèsì ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé á wà lábẹ́ àǹkárá ẹni tó ti gbàgbé láti ọdún tó kọjá pé òun gbé aṣọ wá. Lọ́jọ́ kan, mo wá ìpèlé aṣọ òkè kan fún wákàtí méjì, àṣé mo jókòó lé e. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá Dàmọ́lá ní kí n lọ ṣe wọ́díróòbù, kí àwọn náà lè ríbi sùn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin náà fi àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe hàn mí lórí fóònù. Mo ní kó sọ iye tó máa gbà, ó ní ₦450,000, mo ní ₦300,000, a jọ rẹ́rìn-ín, a sì pàdé láàárín. Lẹ́yìn náà ló la apá rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Mọ́mì, gbàǹgbà ni mo máa ṣe tiyín. Tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀, ẹ̀yin gan-an lè wọ inú ẹ̀ lọ jókòó.”

Ẹ wo ẹnu ọlọ́jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló gbowó lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá ní nǹkan rí gbàǹgbà, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọkàn èèyàn máa ń lọ: àgbàlá gbàǹgbà, pálọ̀ gbàǹgbà, ibi téèyàn ti lè nasẹ̀. Mi ò rántí béèrè bóyá inú wọ́díróòbù ló máa rí gbàǹgbà ni àbí yàrá mi.

Kò wá wọn yàrá. Mo tún un sọ: kò wá wọn yàrá. Ó bi mí pé báwo ni yàrá ṣe tóbi tó, mo ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 11, ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá, ó tán. Kò béèrè ilẹ̀kùn. Èmi tí bàbá mi jẹ́ káfíńtà, èmi náà ò rántí ilẹ̀kùn. Bàbá mi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kì í fayùn kan pákó láìjẹ́ pé wọ́n ti lọ wo ẹnu ọ̀nà tí nǹkan náà máa gbà wọlé. Okùn ni wọ́n ń mú lọ. Wọ́n á ta kókó sí i níbi tí fífẹ̀ ilẹ̀kùn mọ, wọ́n á ta òmíràn síbi tí gíga rẹ̀ mọ, wọ́n á wá gbé okùn náà kọ́ ọrùn. Ọrùn wọn ló máa wà títí iṣẹ́ á fi parí, tí ìyá mi á máa bi wọ́n pé ta ló fẹ́ fà wọ́n lọ sọ́jà bí ewúrẹ́.

Ayé ìrókò àti ọ̀gànwó ni wọ́n gbé. Ìrókò fún ilẹ̀kùn ìta, ọ̀gànwó fún bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, arère fún inú dúrọ́ọ̀, torí arère fúyẹ́, ó rọ ayùn lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá lówó lónìí ṣì lè lọ dúnàá-dúrà pákó gidi ní Bódìjà. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, MDF ni mo ṣe. MDF kì í ṣe igi lódindi. Igi tí wọ́n ti lọ̀ kúnná ni, wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n fi ooru àti ipá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pẹlẹbẹ. Ojú rẹ̀ dán, kì í là bíi pákó, ọ̀dà sì máa ń gbà lára rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ó wúwo, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bómi bá dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, kò sì ní padà sípò mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó nulẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e dé. Ọkọ̀ ò lè wọ àdúgbò wa, nítorí náà alábàárù mẹ́rin ló fẹsẹ̀ gbé e láti títì. Bọ́ọ̀dù 6 ló wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀dù kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tó nípọn mílímítà 18, á tó nǹkan bíi kílò 40. Ẹ ṣírò rẹ̀: kílò 240, láìtíì ka dígí, láìtíì ka hínjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún, ẹ wá ní kí ènìyàn mẹ́rin gbé e gba etí gọ́tà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé e kalẹ̀ níwájú ilé àwọn ará Ìjẹ̀bú, ó nu ojú rẹ̀. “Mọ́mì, ẹrù bàǹtàbàǹtà wo lẹ rà yìí?” Ó ní tó bá jẹ́ ìwúwo nìkan, àwọn ti gbé ohun tó wúwo jù ú lọ rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò níbi téèyàn ti lè dì í mú. Tí wọ́n bá mú ìsàlẹ̀, òkè á fẹ́ wó lé wọn. Tí wọ́n bá dà á délẹ̀, ilẹ̀kùn á ya sílẹ̀, á máa gbá wọn lójúgun. Mo bá fa gèlè kan yọ nínú báàgì mi, mo fi so àwọn ilẹ̀kùn náà pọ̀. Gèlè oníbàárà ni. Ẹ má sọ fún un.

Ìyá ọkọ mi ló wá fi ọ̀rọ̀ náà sí ibi tó yẹ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n yọjú, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní, “Ìyá Dàmọ́lá, kí ni ràgàjì tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ yìí?”

Ẹ̀rín gba àwọn alábàárù, díẹ̀ ló kù kí wọ́n sọ ọ́ sínú gọ́tà.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà, pàápàá lóru tí mo bá jí, tí mo rí i tó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ béèrè gbèsè. Ẹni mẹ́ta ti sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan náà, kálukú sì sọ ibi tó dúró sí. Èdè wa ò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún nǹkan ńlá. Ilé olówó, gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ ni. Ọmọ tó sanra tí ara rẹ̀ ń dán, rọ̀gbọ̀dọ̀ ni, inú ìyá rẹ̀ á sì dùn tẹ́ ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀. Igi tó ń wo orí ilé gbogbo láti òkè, gàgàrà ni. Àpáta Ìdànrè, ràbàtà ni, ẹ máa wò ó lọ. Gbogbo wọ̀nyí ló tóbi, kò sì sí èyí tó bú ohun tó ń júwe nínú wọn. Ràgàjì yàtọ̀. Ohun tó rí ràgàjì tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ ò bá ibi tó wà mu. Kò ṣeé dì mú, kò mọ̀ ọ́n yà fún èèyàn, ibi tí wọ́n bá sì gbé e sí ló máa dí. Bí mo bá pe ọmọ oníbàárà mi ní rọ̀gbọ̀dọ̀, ó lè má rántí gba ṣéńjì rẹ̀. Bí mo bá pè é ní ràgàjì, ó ti dọ̀dọ̀ télọ̀ míì nìyẹn.

Òótọ́ ni pé ẹ ó gbọ́ “òkè ràgàjì” lẹ́nu àwọn èèyàn, tí èébú ò sì sí níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé òkè ò bá ẹnikẹ́ni du yàrá. Ibẹ̀ ló wà kẹ́ ẹ tó dé, ẹ̀yin lẹ máa wá ọ̀nà gbà. Àmọ́ tírélà tó yí dànù lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ràgàjì ni. Jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tí ọkọ mi ò jẹ́ kí n tà, tí kò sì tanná láti ọdún mẹ́fà, ràgàjì ni. Gèlè tí ìyá ìyàwó ń wé, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn ò fi ní rí pásítọ̀ títí ìsìn á fi parí, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, èmi ni mo ń bá wọn wé e.

Ẹ má sì rò pé ọ̀kan náà ni ràgàjì àti jágajàga. Jágajàga ni yàrá mi wà tẹ́lẹ̀, nígbà tí aṣọ fọ́n káàkiri. Owó ni mo san láti fi jágajàga gba pààrọ̀ ràgàjì. Bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà gan-an tún dùn mọ́ mi. Ẹ lè fi tẹ̀lé orúkọ, ẹrù ràgàjì. Ẹ lè ní ó rí ràgàjì. Ìyá ọkọ mi kò tiẹ̀ fi tẹ̀lé nǹkan kan, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti mọ nǹkan náà láti kékeré. Àmọ́ kò sí ọlọ́jà tó máa fi orúkọ yẹn pe ọjà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé e ni, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá a gbélé ni. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra nǹkan ńlá, ẹ má fetí sí ohun tí ẹni tó ń tà á pè é. Ẹ dúró dìgbà tí àgbàlagbà kan nílé bá rí i.

Kò wọlé, ẹ ti mọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, ìyẹn íńṣì 84. Gíga ẹnu ọ̀nà yàrá mi jẹ́ íńṣì 80. Wọ́n dà á délẹ̀, wọ́n tì í wọ kọ́rídọ̀, ó há, torí ohun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ò lè yí ní kọ́rídọ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Káfíńtà tó ronú á ṣe irú rẹ̀ ní ẹ̀yà méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin, á wá fi skúrù dè wọ́n pọ̀ nínú yàrá. Tiwa ò ronú bẹ́ẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lódindi, ó tún kan ìṣó lé gọ́ọ̀mù lórí bí ẹni tó ń kan pósí.

Kọ́rídọ̀ ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á gun orí rẹ̀ kọjá. Ìyá ọkọ mi, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ní àwọn ò gun ràgàjì kankan. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé yí po ilé tàwọn ti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, gbogbo ajá àdúgbò sì ń kí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin náà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá, ó kúnlẹ̀ fún èmi, ó wá mú ayùn, ó là á sí méjì. Ariwo MDF tí wọ́n ń là nínú ilé, eruku rẹ̀ tó rí bí èlùbọ́, ó bà sórí gbogbo nǹkan, dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ó tò ó padà nínú yàrá, ó sì fi ìrépé bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ojú ibi tó là. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí àpá náà, ó gùn láti òkè délẹ̀ bíi ilà ojú. Kò gba kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń gbé. Ó gba ògiri kan tán, ó bo ìdajì fèrèsé, ó sì bo ibi tí mo ti ń tanná. Fún ti iná, ó lu ihò sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ tanná, màá ṣí ilẹ̀kùn kẹta, màá ti àwọn aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá ti ọwọ́ bọ ihò náà títí dé ìgúnpá. Àlejò tó bá wọ yàrá tó ń fọwọ́ ra ògiri kiri, mo kàn máa ń wò ó ni. Dígí tó kàn mọ́ ilẹ̀kùn kejì, gíga ara rẹ̀ ló fi kàn án, ó sì ga ju èmi lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Oníbàárà tó wá wo bí aṣọ ṣe jókòó sí i lára, orí àti àyà ló ń rí. Ìró ò sí nínú àwòrán. Mo ti ra dígí míì, mo gbé e ti ògiri ní ìsàlẹ̀.

Mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mi ò jẹ àǹfààní kankan lára rẹ̀. Páìpù irin tó fi sí i láti máa fi hángà kọ́ ò tẹ̀ rárá, mo ka aṣọ 74 lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, agbádá mẹ́ta wà níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ń yọ́ jáde, kì í há. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì bó. Àǹfààní tó tóbi jù ni pé n ò wá aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́. Tí oníbàárà bá pè pé òun wà lójú ọ̀nà, kó tó dé, aṣọ rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Bí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, màá fún iṣẹ́ ọwọ́ ní 7 nínú 10, ìwọ̀n ní 2, ìwà káfíńtà ní 9. Ẹ fúnra yín ro ohun tẹ́ ẹ máa fi ìyẹn ṣe. Ẹni tí yàrá rẹ̀ bá fẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ga, lè gbé iṣẹ́ fún un kó sùn fọnfọn. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, kó kọ́kọ́ ní kó wá wo ilé, kó má sì fún un lówó títí á fi dé pẹ̀lú téèpù.

Ẹ̀rún bọ́ọ̀dù tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ náà ló fi kan àpótí ìjókòó kékeré kan fún ọmọ ọmọ mi, Ṣẹwà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fi ń bẹ̀ wá. Ọmọ náà ti gbọ́ “ràgàjì” lẹ́nu ìyá ńlá títí, torí wọn ò fi orúkọ míì pè é mọ́: “Lọ bá mi mú ìborùn mi wá nínú ràgàjì.” Ọjọ́ tí wọ́n gbé àpótí dé, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ní, “Tèmi ni rágájí.” Ó gbé ohùn gbogbo rẹ̀ sókè.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nílé gbogbo. Ìkòkò ńlá rí ròbòtò, tó bá kéré, ó di róbótó. Àpáta tó tẹ́jú, pẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Bisikíìtì, pẹ́lẹ́bẹ́ ni. Ohùn ìsàlẹ̀ fún ohun tó ń tẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn òkè fún ohun tó ṣeé fọwọ́ kan gbé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní rágájí nílé ìwé, àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ ló yé mi. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lórí itan wọn.

Àpótí yẹn ni kẹ́ ẹ lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀. ₦8,000 ni. Ó ga tó íńṣì 11, kò mì, kò ní ìṣó tó yọrí síta, orí rẹ̀ sì ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ, bí Ṣẹwà bá gbà fún mi. Mo ti ní kó kan méjì míì. Mo fẹ́ san owó rẹ̀ fún un ní ìdúró, ó ní rárá, kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀kùn mi ṣe fẹ̀ tó.